Àwọn ọmọ SS1 mi mọ òfin kẹta Newton lórí, àmọ́ wọn ò gbà á gbọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà_Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, aago 9 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fisíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní iléèwé kan níbí l'Ákùúrẹ́. Ọmọ 64 ló wà ní kíláàsì kan ṣoṣo, láàbù wa sì ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Mi ò tìtorí ìyẹn wá ráhùn, ó ti mọ́ wa lára.

Òfin kẹta Newton ló gbé mi wá. Ẹ jí àwọn ọmọ yìí lóru, wọ́n á kà á fún yín bí ẹni ń ki oríkì: bí nǹkan kan bá fi ipá ti òmíràn, òmíràn náà á fi ipá tó dọ́gba tì í padà sí òdìkejì. Ni mo bá bi wọ́n l'Ọ́jọ́bọ̀ pé tírélà sáré wá láti ọ̀nà Iléṣà, ó kọ lu kẹ̀kẹ́ Márúwá. Èwo nínú méjèèjì ni ipá tó bà á pọ̀ jù? Gbogbo kíláàsì pariwo pé, "Kẹ̀kẹ́!" Mo ní ṣé ó dá yín lójú? Ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ti rí tírélà tí kẹ̀kẹ́ rún rí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

L'Ọ́jọ́ Ẹtì mo gbé bàlúùnù wá. Mo ki òwú bọ inú sítúróò, mo ta òwú náà láti ojú fèrèsé dé ara ilẹ̀kùn, mo fẹ́ bàlúùnù, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ sítúróò, mo jù ú sílẹ̀. Fììì! Ó sáré dé ìdajì òwú, ó dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bèèrè ohun tó tì í lọ. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó jáde ló lọ gbá afẹ́fẹ́ inú kíláàsì, ìyẹn ló wá tì í. Mo ní rárá. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ wá na ọwọ́ sókè: "Mà, bí ipá méjèèjì bá dọ́gba, tí wọ́n sì dojú kọ ara wọn, ṣé kò yẹ kí wọ́n pa ara wọn rẹ́ ni? Báwo ni nǹkan kan ṣe ń kúrò lójú kan láyé yìí?"

Aago lù. Inú mi dùn pé aago lù, mo jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ rí, kí lẹ ṣe tó fi yé àwọn ọmọ yín? Nǹkan tí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni mo fẹ́, tí kò ní gba owó púpọ̀.

BàbáTíṣà_Oǹdó (Ọjọ́ Àìkú, aago 10 alẹ́)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ Fisíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin tó bi ẹ́ ní ìbéèrè yẹn, òun gan-an ló ń ronú nínú gbogbo wọn. Má jẹ́ kí ìbéèrè rẹ̀ kú o.

Wá sikéèlì méjì tó ní ìkọ́ lẹ́nu. Kì í ṣe ràbàtà tí àwọn tó ń ra kòkó fi ń gbé àpò kọ́, kékeré tí wọ́n fi ń wọn báàgì ìrìnàjò ni mo ní lọ́kàn. Fi ìkọ́ ọ̀kan kọ́ ìkọ́ èkejì. Pe ọmọ tó taagun jù kó di ọ̀kan mú, kí èyí tó kéré jù di èkejì mú. Kí wọ́n tó fà á, kí gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sínú ìwé: sikéèlì ta ló máa ka iye tó pọ̀ jù? Má fo ibẹ̀ yẹn o. Ọmọ tí kò bá kọ́kọ́ kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, tó bá rí òótọ́ tán, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n wá fà á. Iye kan náà ni méjèèjì máa kà. Kí èyí kékeré dúró gbọin láì fà á rárá, kí taagun nìkan máa fà: iye kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ ìkọ́ sikéèlì kan mọ́ irin fèrèsé, kọ́ èkejì mọ́ ìdí rẹ̀, kí ọmọ kan ṣoṣo fà wọ́n. Méjèèjì tún dọ́gba. Fèrèsé ń fa ọmọ! Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń sọ ní kíláàsì mi.

Ní ti pé kí wọ́n pa ara wọn rẹ́: bí mo bá gbá ẹ létí, àtẹ́lẹwọ́ mi á ta mí. Ṣé títa àtẹ́lẹwọ́ mi wá ní kí etí ẹ má dùn ẹ́ ni? Ọ̀kan wà lára tèmi, ọ̀kan wà lára tìẹ. Ipá tó bá wà lára nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ò lè pa ara wọn rẹ́. Sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, á yé e.

Káfíńtà_ÒkèÀró (Ọjọ́ Ajé, aago 6 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi kì í ṣe tíṣà, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, àmọ́ ọmọ mi wà ní SS1, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yọjú síbí.

Ṣé ẹ rántí kẹ̀kẹ́ onígi tí a máa ń fi bẹ́ríìn ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a máa ń gùn sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí awọ orúnkún á fi bó? Ẹ ṣe méjì. Bẹ́ríìn tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì, bí ẹ bá bẹ̀ wọ́n dáadáa wọ́n á fi ta yín lọ́rẹ. Kí ọmọ kan jókòó sórí ọ̀kan, kí ẹlòmíràn jókòó sórí èkejì, kí wọ́n dojú kọ ara wọn, kí ẹsẹ̀ wọn má kan ilẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo na ọwọ́ ti ẹnì kejì.

Mo ṣe é fún ọmọ mi nílé lánàá lẹ́yìn tí mo ka ohun tí Tíṣà kọ. Ẹni tó ti èèyàn àti ẹni tí wọ́n tì, àwọn méjèèjì ló sún. Ó yà mí lẹ́nu, èmi tí mo ti ń gun nǹkan yẹn láti kékeré.

Sà_Ìjàpọ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 7 àárọ̀)

Gbogbo wàhálà yìí, nítorí kí ni? Ẹ gbé ìwé sórí tábìlì. Ìwúwo ìwé ń ti tábìlì sísàlẹ̀, tábìlì ń ti ìwé sókè, wọ́n dọ́gba, ìwé dúró jẹ́ẹ́. Òfin kẹta nìyẹn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Sílábọ́ọ̀sì ò dúró de ẹnikẹ́ni, Wáẹ́ẹ̀kì ò sì ní bi ọmọ yín léèrè pákó oníbẹ́ríìn.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA (Ọjọ́ Ajé, aago 8 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ forí jì mí, mi ò fẹ́ kí ó dà bíi pé mò ń já yín níyàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé orí tábìlì yẹn gan-an ló da orí èmi náà rú títí mo fi wọ yunifásítì.

Ìwúwo ìwé, ayé ló ń fà á. Bí ayé bá ń fa ìwé, ohun tó máa jẹ́ èkejì rẹ̀ ni pé ìwé náà ń fa ayé. Tábìlì ò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Tábìlì tún ń ti ìwé sókè. Èkejì ìyẹn ni pé ìwé ń ti tábìlì sísàlẹ̀. Ipá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kì í ṣe méjì. Èyí tó jẹ́ kí ìwé dúró jẹ́ẹ́ ni pé fífà tí ayé ń fà á àti títì tí tábìlì ń tì í, ara ìwé kan náà ni wọ́n wà, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ìyẹn kì í ṣe òfin kẹta, òfin àkọ́kọ́ Newton ni: nǹkan tí àwọn ipá ara rẹ̀ bá pa ara wọn rẹ́, bó ṣe wà ló máa wà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀rí, ẹ fa tábìlì yọ lójijì. Títì tábìlì tán lójú ẹsẹ̀, ayé ṣì ń fa ìwé, ló fi já sílẹ̀. Ká ní èkejì ara wọn ni wọ́n nínú òfin kẹta, ọ̀kan ò lè tán kí èkejì ṣẹ́ kù.

Sà_Ìjàpọ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 8 àárọ̀ kọjá)

Mo gbọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn o.

BàbáTíṣà_Oǹdó (Ọjọ́ Ajé, aago 9 àárọ̀)

Ọ̀dọ́mọkùnrin, o sọ ọ́ re. Sà Ìjàpọ̀, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Èmi náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

ÌyáÌbejì_Ọ̀dà (Ọjọ́ Ajé, aago 1 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ wọn ló ń kó bá wa. Tí a bá ń ṣàlàyé ní Yorùbá, "ìṣe" àti "ìfèsì" la máa ń pè é. Ẹni tó bá fèsì, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ná. Ọmọ á wá rò pé tírélà kọ́kọ́ gbá kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tirẹ̀ padà, bíi pé ó ń gbẹ̀san. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ṣáájú. Àwọn tèmi, mo máa ń sọ fún wọn pé ìbejì ni ipá méjèèjì.

ỌmọÌlàjẹ (Ọjọ́ Ajé, aago 2 ọ̀sán)

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin gan-an lẹ bí wọn! Ṣé kì í ṣe Táíwò ló ń kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò kí Kẹ́hìndé tó dé ni? 😂

ÌyáÌbejì_Ọ̀dà (Ọjọ́ Ajé, aago 2 ọ̀sán)

Háà, ẹ mú mi. Ó dáa, mo jù ú nù. Èyí tó kù yìí, ẹ ò ní rí mi mú níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, "ara wọn". "Wọ́n kọ lu ara wọn." "Wọ́n ń ti ara wọn." Ta ló ṣáájú níbẹ̀? Kò sí. Èdè wa ti sọ ọ́ tán kí Newton tó kọ tirẹ̀ sínú ìwé ní 1687.

Eré kan tẹ̀ lé e. Kọ ọ́ sójú pátákó: *Tírélà ń ti kẹ̀kẹ́.* Ní kí ọmọ kan wá gba ṣọ́ọ̀kì, kó pààrọ̀ orúkọ méjèèjì: *Kẹ̀kẹ́ ń ti tírélà.* *Ayé ń fa ìwé*. *Ìwé ń fa ayé.* *Ẹsẹ̀ ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn*. *Ilẹ̀ ń ti ẹsẹ̀ síwájú.* Ọ̀rọ̀ ìṣe ò gbọdọ̀ yí padà, orúkọ kẹta ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí tábìlì bá yọ́ wọ àárín ayé àti ìwé, ẹ lé e jáde. Àwọn ọmọ fẹ́ràn lílé e jáde yẹn ju ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

ỌmọÌlàjẹ (Ọjọ́ Ajé, aago 3 ọ̀sán)

Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìgbókòdá, kò sí ọmọ tó nílò pákó oníbẹ́ríìn. Ọkọ̀ ojú omi ló kọ́ wa. Bí ọkọ̀ kékeré bá ti sún mọ́ ibi pákó tí èèyàn ń sọ̀ sí, tí wọn kò tíì so ó, àlejò á ní òun fẹ́ fò bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń ti ara rẹ̀ síwájú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn, yóò bá ara rẹ̀ láàárín méjèèjì, gbùú! Àwọn ará ilé á ti dúró láti wò ó. Bí ọkọ̀ bá tóbi, tó kún fún ẹrù, kò ní sún tó bẹ́ẹ̀, yóò bọ́ sílẹ̀ láyọ̀.

Wíwa ọkọ̀ náà, ohun kan náà ni: àjẹ̀ ń ti omi sẹ́yìn, omi ń ti àjẹ̀ síwájú. Tíṣà, bí ẹ bá ní ọmọ Ìlàjẹ kan ní kíláàsì yín, ẹ jẹ́ kó dìde sọ̀rọ̀.

Nípa bàlúùnù tó dúró lágbedeméjì: òwú ìránṣọ yẹn ló ní irun lára. Ẹ wá okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń pẹja, kí ẹ fà á le dáadáa, kí bàlúùnù náà sì jẹ́ èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọmọ_Arákalẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ti gbàgbé kábáàdì ni? Agolo, omi díẹ̀, iná ìṣáná, gbàmù! Ìdérí lọ síwájú, agolo fò sẹ́yìn. Kò sí ọmọ tó máa gbàgbé ẹ láéláé.

ÌyáÌbejì_Ọ̀dà (Ọjọ́ Ajé, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Rárá o! Kábáàdì tó bá pàdé omi, gáàsì tó ń jó ló ń tú jáde, agolo tó bá sì bẹ́, a kì í mọ ibi tó máa gbà. Ọmọ 64 ni Tíṣà ní kíláàsì. Mo ti rí ọmọ tí ìyẹ́ ojú rẹ̀ jó dànù nígbà ọdún Kérésì, Ọlọ́run ló dá ojú náà fúnra rẹ̀ sí.

Bí ẹ bá fẹ́ agolo, ẹ gbé ti mílíìkì. Ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́rin yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká. Lẹ́yìn tí ìṣó bá ti wọlé, kí ẹ tó fà á yọ, ẹ tẹ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ihò náà lè dagun. Ọ̀nà kan náà ni kí gbogbo ihò dagun sí. Ẹ fi òwú gbé agolo náà kọ́, ẹ da omi sí i. Omi á máa tú jáde sí apá kan, agolo á máa yí bírí sí apá kejì. Pápá ni kí ẹ ti ṣe é, bí ẹ ò bá fẹ́ nu ilẹ̀.

Ọmọ_Arákalẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 6 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má bínú mà. Mo kó o jẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7 àárọ̀)

Tíṣà, ẹ má bá àwọn ọmọ yín wí lórí afẹ́fẹ́ inú kíláàsì yẹn. Àwọn àgbà ti ṣi irú rẹ̀ ṣe. Lọ́dún 1920, ìwé ìròyìn New York Times l'Amẹ́ríkà fi Robert Goddard, onímọ̀ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè rìn níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ nítorí kò ní sí ohun tó máa tì, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ girama ni kò mọ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1969, ọjọ́ kejì tí Apollo 11 gbéra lọ sí òṣùpá, ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ṣi í ṣe. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni bàlúùnù ń tì. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń ti bàlúùnù.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dán tiwọn wò. Bó bá jẹ́ ohun tó wà lẹ́yìn ló ń ti bàlúùnù, ó yẹ kó yá sí i tí ẹ bá gbé pátákó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú pátákó ní ìwọ̀n ìnasẹ̀ kan sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mẹta láìsí pátákó. Ẹ fi okùn wọn ikùn bàlúùnù kí ó lè dọ́gba nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ, torí bí ẹ bá fẹ́ ọ̀kan ju òmíràn lọ, gbogbo rẹ̀ ti bà jẹ́.

Sà_Ìjàpọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12 ọ̀sán)

Ó dáa, ẹ dá mi lóhùn lórí èyí. Fa okùn kí n fa okùn. Bí ipá tí ẹgbẹ́ kan fi ń fa èkejì bá dọ́gba, báwo ni ẹnì kan ṣe ń borí?

BàbáTíṣà_Oǹdó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12 ọ̀sán kọjá)

Ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe okùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti ilẹ̀ jù, ilẹ̀ á tì í padà jù, òun ló máa borí. Wọ sọ́kìsì fún taagun yẹn, mú un dúró lórí táìsì, kí ọmọ kékeré bọ́ bàtà. Wàá rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Tíṣà_Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kejì)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o. Ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n sọ ọ́ látòkèdélẹ̀.

Mo ra sikéèlì kan ní Ọjà Ọba, mo yá èkejì lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan tó máa ń wọ bàálù. Mo pe àwọn ọmọ méjì jáde. Kí n máa pè wọ́n ní Taagun àti Tíńtín, torí orúkọ tí kíláàsì fún wọn nìyẹn. Gbogbo wọn kọ èrò wọn sílẹ̀: ọmọ 58 ní sikéèlì Taagun ló máa ka iye tó pọ̀ jù. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi.

Wọ́n fà á. Sikéèlì Taagun ka 12. Ti Tíńtín ka 10 àtààbọ̀.

Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe rí. Kíláàsì pariwo, "Tírélà! Tírélà!" Ọmọ tó bèèrè nípa tírélà tí kẹ̀kẹ́ rún ti gun orí àga. Mo dúró, mò ń wo sikéèlì bí ẹni pé ó máa bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ló wá rìn bọ̀ níwájú, kò tiẹ̀ na ọwọ́, ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ sikéèlì." Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún fà á. Sikéèlì ọwọ́ Tíńtín ka 12, ti Taagun ka 10 àtààbọ̀! Kíláàsì dákẹ́ wẹ́lo. Mo gba sikéèlì náà, mo dì í mú láìkọ́ ohunkóhun sí i. 1 àtààbọ̀ ló ń kà lófìfo. Èyí tí mo fi owó mi rà ni o.

Wọ́n yọ 1 àtààbọ̀ kúrò nínú 12, ó ku 10 àtààbọ̀. Mi ò ní láti sọ ohunkóhun mọ́. Ká ní sikéèlì méjèèjì dára, mi ò rò pé ẹ̀kọ́ náà ì bá wọlé tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì la gbé pákó oníbẹ́ríìn jáde. Káfíńtà Òkè-Àró bá wa kàn án, kò gba kọ́bọ̀, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Mo ṣe àṣìṣe kan: mo jẹ́ kí ọmọ kan dúró lórí rẹ̀ dípò kó jókòó. Ó ṣubú, ìgúnpá rẹ̀ bó. Ẹ jókòó lé e o, ẹ má dúró. Láti ìgbà yẹn, ìdúró ti di èèwọ̀.

Taagun jẹ́ kílò 62, Tíńtín jẹ́ 41. Wọ́n ti ara wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sún lórí táìsì kọ́rídọ̀. Taagun rìn táìsì 4, Tíńtín rìn bíi 9. Èyí ni mo fẹ́ bi yín: ìwọ̀n Taagun ò tó ìlọ́po méjì ti Tíńtín, kí ló dé tí ìrìn Tíńtín fi ju ìlọ́po méjì lọ? Ṣé bẹ́ríìn ni?

Kí n tó gbàgbé: mo padà sí ọ̀rọ̀ tírélà. Ọmọ tó gun orí àga yẹn ronú títí, ó ní, "Mà, ipá dọ́gba. Ìyà ni kò dọ́gba." Mo ní kó lọ kọ ọ́ sójú pátákó.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 4 ìrọ̀lẹ́)

Tíṣà, kì í ṣe bẹ́ríìn. Eré tí wọ́n fi gbéra lẹ máa fi wé ìwọ̀n wọn, kì í ṣe ibi tí wọ́n dúró sí. Ìwọ̀n Taagun jẹ́ bí ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti Tíńtín, nítorí náà eré Tíńtín á jẹ́ ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti Taagun. Àmọ́ bí nǹkan bá ń yí lórí ilẹ̀ títí tó fi dúró fúnra rẹ̀, ìlọ́po méjì eré á gbé e rìn ìlọ́po mẹ́rin ọ̀nà. Ẹ fi 1.5 lu 1.5, ẹ máa rí 2.25. Ẹ fi 2.25 lu táìsì 4. Ẹ ó rí 9.

Tíṣà_Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 4 ìrọ̀lẹ́)

Yéè! Mo ti fẹ́ sọ fún wọn pé a ṣe é ní àṣìṣe.

BàbáTíṣà_Oǹdó (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Ìṣirò rẹ̀ péye, àmọ́ má gbé e fún SS1 báyìí o. "Ẹni tó fúyẹ́ sún jù" ti tó wọn. Bí o bá kó 2.25 lé e, o máa pàdánù ìdajì kíláàsì.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, ọmọ tó ní kí wọ́n pààrọ̀ sikéèlì yẹn lè gbé e. Ẹ fún òun nìkan, mà. Bó bá sì parí ìyẹn, ẹ bi í pé bí Tíńtín bá fò sókè, ṣé ayé ń sún? Ìdáhùn ni pé ó ń sún, àmọ́ ìwọ̀n ayé jẹ́ bíi kílò 6 tí òdo 24 tẹ̀ lé. Kò sí táìsì tó máa ka ìyẹn.

Sà_Ìjàpọ̀ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ibi tí mo wà ni mo ṣì wà o: òyìnbó ni Wáẹ́ẹ̀kì máa fi béèrè, ọmọ tó bá kọ "ìyà ni kò dọ́gba" ò ní gba máàkì kankan. Báwo lẹ ṣe máa mú wọn débẹ̀?

Tíṣà_Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8 alẹ́ kọjá)

Òótọ́ ni, sà. Eré ìpààrọ̀ orúkọ tí Ìyá Ìbejì kọ́ wa ni mo fi ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n á wá kọ gbólóhùn méjèèjì ní òyìnbó sábẹ́ rẹ̀. Nínú ìdánwò kékeré tí mo ṣe l'Ọ́jọ́ Ẹtì, wọn ò da ìwé àti tábìlì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ṣì ń dà á pọ̀ o, mi ò ní parọ́ fún yín.

MàmáTíṣà_Ìdànrè (Ọjọ́ Àìkú, aago 3 ọ̀sán)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni pákó náà ṣe tóbi tó? Mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi kàn án níbí.

Káfíńtà_ÒkèÀró (Ọjọ́ Àìkú, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Kí pákó náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 àti ìdajì, kí ó nípọn ní ínǹṣì 1, kí ó má bàa tẹ̀ lábẹ́ Taagun tiyín. Igi méjì ní ìbú lábẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹ gbẹ́ orí igi náà títí yóò fi wọ ojú bẹ́ríìn pinpin. Bẹ́ríìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ rẹ àwọn bẹ́ríìn náà sínú kẹrosíìnì mọ́jú kí ìpẹtà jáde, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó kán epo sí i. Kí ẹ sì fi sáńpépà ha etí pákó náà dáadáa, torí ìka ọmọ ló máa dì í mú.